Iyán Ogún Ọdún: Ìrìnàjò Wa Padà sí Odò-Orò

Lóṣù yìí, mi ò mú ẹ̀kọ́ Bíbélì gígùn wá fún yín. Ìrìnàjò kan ni mo fẹ́ ròyìn, èyí tí èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa àti ọmọ-ọmọ wa rìn lọ sí Odò-Orò, nítòsí Ìkọ̀lé ní àríwá Èkìtì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo dá nígbà èwe mi nínú iṣẹ́ Olúwa, tí mo sì wọ ẹ̀wù ìwà mímọ́ fún un kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ọ̀NÀ ÈKÌTÌ

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la gbéra ní Ìbàdàn. A gba Ifẹ̀ kọjá, a gba Iléṣà, kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn òkè tó wà lágbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. A gba Arámọkọ dé Adó, a sì gba ọ̀nà Ìworòkó lọ sí Ìfàkì. Ní Ìfàkì, ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó á yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Àwa gba ọ̀nà Ọyẹ́.

Ọyẹ́ tí mo mọ̀ ní 1997 kọ́ ni mo bá. Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti kún ìlú méjèèjì. Ọmọ Íbò wà, ọmọ Haúsá wà, ọmọ Èkó wà, oúnjẹ oríṣiríṣi sì tẹ̀ lé wọn wá. Lẹ́yìn Ọyẹ́, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀dàn ń yọjú díẹ̀díẹ̀, nítorí à ń sún mọ́ ìhà ààlà Kwara. Ebè iṣu wà ní apá ọ̀tún, ebè iṣu wà ní apá òsì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀ ní àárọ̀, koríko sì ti ń pọ́n.

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Nínú báàgì ìyá náà ni páálí Indomie kan wà, pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́ta. Mo bi í pé, "Ṣé ọjà lo fẹ́ lọ tà ní Odò-Orò ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Dádì, oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Kì í jẹ nǹkan mìíràn. Bí mo bá gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì kó tó fi kan ẹnu. Mo ti lù ú, mo ti bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá ọkọ mi sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò kí í lè mú un lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyàwó mi yíjú wò mí, kò sì sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń rántí ẹlòmíràn tí kò mọ oúnjẹ jẹ, tí ẹni náà kì í sì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin.

ABỌ́ TÍ MO DÁ PADÀ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lára Òǹdó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì, wọ́n rán mi lọ sí Odò-Orò láti máa bójú tó ìjọ kékeré kan. Ọmọ Èkó ni mí. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Mi ò lè gbóòórùn irú. Mi ò jẹ ìgbín. Ẹ̀fọ́ tí mo mọ̀ kò ju tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lọ. Ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa nígbà náà, yàrá méjì la sì ń gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, màmá kan nínú ìjọ, opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gbé abọ́ méjì lé orí wá. Ó ti oko dé, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀, ó sì fi aṣọ funfun bò ó. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí mo lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé mo jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ó ṣí abọ́. Iyán funfun ni, ó ń rú èéfín. Ọbẹ̀ ìṣápá ni wọ́n fi sìn ín, ẹgúsí ló fi sè é pẹ̀lú irú wooro, ìgbín ńlá méjì sì jókòó lójú ọbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìgbín ńlá méjì jẹ́ lójú opó tó ń dáko á mọ̀ pé ẹbọ ọpẹ́ ni obìnrin yìí gbé wá.

Òórùn irú yẹn dé imú mi, ọ̀fun mi sì dí. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. A ti jẹun. A ti yó."

Irọ́ ni. Tíì àti búrẹ́dì la mu ní àárọ̀, a ò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìgbà náà. Màmá wo ojú mi, ó wo ojú ìyàwó mi, ó ní, "Ó dáa, Pásítọ̀." Ó da aṣọ bo abọ́, ó gbé e lé orí, ó lọ.

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní, "Pásítọ̀ mi, ẹ̀yin lẹ yó. Èmi àti ẹni tó wà níkùn mi ò tíì jẹun o." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n dípò kí n jẹ́wọ́, mo wá ẹ̀kọ́ Bíbélì gbe ara mi lẹ́yìn. Mo ní, "Ṣé o mọ ibi tí iṣu yẹn ti wá? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún iṣu tuntun ní agbègbè yìí ni. Ìgbín náà ńkọ́? Ṣé o kò mọ ohun tí àwọn abọ̀rìṣà ń fi ìgbín ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ahọ́n tó ń ṣa oúnjẹ di ìwà mímọ́. Bẹ́ẹ̀, oko màmá yẹn ni iṣu náà ti wá, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ṣa ìgbín náà.

OHUN TÍ MO GBỌ́ LẸ́YÌN Ọ̀SẸ̀ MẸ́TA

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tó tún gbé oúnjẹ wá. Èmi rò pé mo ti bọ́. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé àwọn ìyá kò dúró bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àgbà ìjọ kan, àgbẹ̀ ni, wá bá mi. Ó jókòó pẹ́ kó tó la ẹnu. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ìyá ń sọ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù wa. Wọ́n ní ẹ rò pé a máa fi nǹkan sínú oúnjẹ fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní ìgbèríko mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a gbé oúnjẹ fún tí kò jẹ ẹ́, tí kò sì sọ ìdí tó yé ni, ohun tó ń sọ ni pé òun kò fọkàn tán ọwọ́ tó sè é. Èmi rò pé ọbẹ̀ ni mo kọ̀. Màmá gbọ́ pé òun ni mo pè ní apànìyàn. Báwo ni yóò ṣe wá gba Ọ̀rọ̀ ìyè láti ọwọ́ mi, nígbà tí èmi kò lè gba iyán láti ọwọ́ rẹ̀?

Mi ò sùn ní alẹ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti ìyàwó mi lọ sílé màmá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa, pé ebi ń pa wá lọ́jọ́ náà, pé ahọ́n mi ni kò mọ oúnjẹ. Màmá ní kí n dìde, nítorí pé kò yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run dọ̀bálẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ìṣápá kò dùn? Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí ni?"

Mi ò ní èsì. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé mi ò fẹ́ ìṣápá, mi ò sì tíì fi kan ẹnu rí.

NÍ Ẹ̀GBẸ́ ÀÀRÒ MÀMÁ

Màmá kò gbé oúnjẹ fún mi lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ló fún mi. Ó da ìṣápá sínú atẹ, ó fi hàn mí bí a ṣe ń yọ èso inú rẹ̀ dànù kí ó lè ku ìpẹ́ funfun tó yí i ká. Ó fi kán-ún díẹ̀ sínú omi, ó bọ̀ ọ́ kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, ó fún omi rẹ̀ dànù, kó tó kó o sínú ẹgúsí. Ó ní kí n tọ́ ọ wò kí ó tó bọ̀ ọ́, kí n sì tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kíní kan ahọ́n mi bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rọ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọbẹ̀ náà dùn mọ́ mi lọ́jọ́ kìíní. Òkèlè mẹ́ta ni mo gbé mì láìjẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jẹ márùn-ún. Mi ò tíì lè jẹ ìgbín, màmá kò sì fipá mú mi. Ó kàn ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó sì ń jẹ tirẹ̀ lójú mi. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, tí a bí ọmọbìnrin wa, èmi fúnra mi ni mo ń béèrè pé, "Ìṣápá ò sí mọ́ ni?" Lẹ́yìn ìṣápá, ó kan àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn: wọ̀rọ̀wọ́, yánrin, àti ebòlò tí òórùn rẹ̀ ń lé mi tẹ́lẹ̀. Mo kọ́ láti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pe iṣu ní uṣu, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n sì ń pe iyán ní uyán. Ẹnu tó kọ́ oúnjẹ wọn ló kọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Àga ìpàdé ọjọ́rú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà.

Mo lo ọdún márùn-ún ní Odò-Orò. Màmá sùn nínú Olúwa ní 2009.

OÚNJẸ ÀLEJÒ TÓ DI ONÍLÉ

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nísinsìnyí. Sóbò tí a ń mu níbi àpèjẹ, tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, ìṣápá pupa ni. Ìṣápá pupa àti ìṣápá funfun, ohun ọ̀gbìn kan náà ni, àwọ̀ ló yàtọ̀. Èmi tí mo ń sá fún ọbẹ̀ ìṣápá ń mu omi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà.

Ẹ tún wo inú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Àwọn baba ńlá wa ní ataare láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ata rodo àti ata ṣọ̀ǹbọ̀ kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà kó tó di pé àwọn òyìnbó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí wà lára ohun tó gbé ata, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà wá sí etíkun wa lẹ́yìn náà. Tòmátò náà, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Kòkó tó kọ́ ilé púpọ̀ ní Èkìtì, tó rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé ìwé, ibẹ̀ ló ti wá. Iṣu ni onílé gidi, débi pé títí di òní, nínú iṣu mẹ́ta tí gbogbo ayé ń gbìn, nǹkan bíi méjì ló ń ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá.

Ẹ ronú sí i. Ìyá ńlá kan wà ní ìgbà kan rí tí wọ́n gbé ata rodo fún nígbà àkọ́kọ́. Bí gbogbo ìyá ńlá wa bá ti sọ pé, "Mi ò jẹ ohun tí mi ò mọ̀," a ò bá má ní gàrí, a ò bá má ní ọbẹ̀ ata. Oúnjẹ tí à ń pè ní ti ìbílẹ̀ lónìí, oúnjẹ àlejò ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ nígboyà láti tọ́ ọ wò.

PÉTÉRÙ NÍ JÓPÀ

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹwàá, ebi ń pa Pétérù lórí òrùlé ní ọ̀sán gangan nígbà tí Olúwa fi aṣọ ńlá kan hàn án, tí ẹranko oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Olúwa ní kó pa, kó sì jẹ. Pétérù kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi hàn án. Ó ṣì ń rò ó lọ́kàn nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Kọ̀nẹ́líù dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó dé ilé Kọ̀nẹ́líù ló wá yé e pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni Ọlọ́run ń bá òun sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní orí kọkànlá, ẹ̀sùn tí àwọn ará Jerúsálẹ́mù kọ́kọ́ fi kàn án ni pé ó bá àwọn aláìkọlà jẹun. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bá jẹun la ti gbà. Jésù Olúwa wa náà, nígbà tó ń rán àwọn àádọ́rin jáde nínú Lúùkù orí kẹwàá, kò gbàgbé láti sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn ni kí wọ́n jẹ.

Ẹnìkan á ní, "Pásítọ̀, Dáníẹ́lì ńkọ́?" Dáníẹ́lì kọ oúnjẹ ọba nítorí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yàn: ó fi oúnjẹ aládùn sílẹ̀, ó gba ẹ̀fọ́ àti omi. Èmi fi ọbẹ̀ ẹgúsí opó sílẹ̀ nítorí pé búrẹ́dì ló wù mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n pè mí ní Dáníẹ́lì. Nípa oúnjẹ òrìṣà, Pọ́ọ̀lù ti là á sílẹ̀ nínú Kọ́ríńtì kìíní orí kẹwàá. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé a ti fi rúbọ, má jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá sọ, jẹ ohun tí a gbé síwájú rẹ, má ṣe béèrè ìbéèrè nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi orúkọ Ọlọ́run bo ahọ́n wa.

ỌMỌ-ỌMỌ MI ÀTI ỌBẸ̀ ÌṢÁPÁ

Ìkórè ìjọ Odò-Orò ló mú wa padà lọ. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, ìró odó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin màmá, tí òun náà ti di ìyá àgbà, ló ń gún iyán dè wá. Nígbà tó ṣí abọ́, ìṣápá ni, pẹ̀lú ìgbín. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ojú mi. Àwọn àgbà wa ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti dá abọ́ ìyá rẹ̀ padà, ó sì jó mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wẹ ọwọ́, mo jẹun, mo fi ìgbín kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ní ata ni.

Ọmọ-ọmọ mi jókòó, ó di ẹnu pinpin. Ìyá rẹ̀ ti ń na ọwọ́ sí báàgì Indomie. Ìyá àgbà yẹn dá a dúró, kò sì pariwo. Ó bu iyán tó tó ọmọ ìka méjì sí àwo kékeré, ó kán ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ náà. Ó ní, "Tìrẹ nìyí. Bó o bá fẹ́, jẹ. Bó ò bá fẹ́, jókòó tì wá." Ó pe ọmọ-ọmọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ wa, pé kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ń fi ọwọ́ jẹun, ó ń lá ìka. Ọmọ wa ń wò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò fi kan ẹnu. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n jọ yọ èso ìṣápá lórí atẹ, ó sì fi ìka kan ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìkórè, ó jẹ iyán òfìfo òkèlè méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí a fẹ́ máa bọ̀, ó ti iyán bọ ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e mì, ó fa ojú pọ̀, ó ní, "Ó kan." Ó sì tún mú òmíràn. Ọmọbìnrin mi yíjú sẹ́yìn, ó ń nu ojú.

Mi ò ní ọmọ náà ti yí padà pátápátá. Ó ṣì ń jẹ Indomie. Ṣùgbọ́n oúnjẹ mẹ́sàn-án ló ń jẹ báyìí, méjì péré ló ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ìyá àgbà yẹn ṣe láìka ìwé, àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1982, Leann Birch àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oúnjẹ àjèjì fún àwọn ọmọ ọdún méjì tọ́ wò. Èyí tí wọ́n tọ́ wò ní ìgbà díẹ̀, wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n tọ́ wò ní ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ìgbà, wọ́n gbà á. Ní 2001, Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ mu omi kárọ́ọ̀tì nígbà oyún tàbí nígbà tó ń fún un lọ́mú tètè gba adùn kárọ́ọ̀tì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí pé inú oyún ni ọmọbìnrin wa wà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń jẹ ìṣápá màmá, mo sì rẹ́rìn-ín.

A tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ahọ́n kò dọ́gba. Ní 1931, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Arthur Fox, ṣàkíyèsí pé lẹ́búlẹ́bú kan tí òun kò gbọ́ adùn rẹ̀ rárá korò gan-an lẹ́nu ẹnìkejì òun. Láti inú ìbí ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Nítorí náà, ọmọ tó ní ewúro korò jù lè má máa ṣe orí kunkun. Bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ

1. Ẹ má fi ẹgba jẹun. Ọmọ tí a lù nítorí ẹ̀wà á kórìíra ẹ̀wà. Iṣẹ́ òbí ni láti yan oúnjẹ àti àsìkò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ bí yóò ṣe jẹ tó.

2. Ẹ bu díẹ̀, ẹ sì máa bù ú lemọ́lemọ́. Ẹ má sọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì pé, "Kò fẹ́ràn rẹ̀." Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fẹ́ràn.

3. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan oúnjẹ kó tó dé àwo: kó ṣa ẹ̀fọ́, kó bó ẹ̀gúsí, kó tẹ̀ lé yín lọ sí ọjà.

4. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ ẹ́ lójú wọn. Ilé tí bàbá ti ń yí imú sí ọbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ á yí imú.

5. Ẹni tí nǹkan kan ń ṣe kì í ṣe aṣa-oúnjẹ-jẹ. Bí ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé bá ń mú kí ara ọmọ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há, ẹ má fún un mọ́. Bí ọmọ bá ń rù, tí oúnjẹ tó ń jẹ sì ń dín kù sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àìsàn lè wà níbẹ̀.

6. Gbígba oúnjẹ àjèjì kò ní kí á jẹ ohun tó léwu. Olú inú igbó tí àgbà tó mọ̀ ọ́n kò fọwọ́ sí, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan eku ilé tàbí oúnjẹ tí eku ti fẹnu kàn, nítorí ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969.

7. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò tí ẹ kò sì lè jẹ ohun tí wọ́n gbé wá, ẹ sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti yó nígbà tí ebi ń pa yín.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni ẹ ti dá abọ́ rẹ̀ padà? Bóyá ìyàwó ọmọ yín láti ẹ̀yà mìíràn ni, tó se ọbẹ̀ ilé wọn wá. Bóyá aládùúgbò ni. Bí ẹni náà bá wà láàyè, ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sì béèrè oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà: Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún oúnjẹ àti fún ọwọ́ tó sè é. Dárí irọ́ ẹnu wa jì wá. Fún àwọn òbí ní sùúrù, fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà, má sì jẹ́ kí ahọ́n wa ya wá kúrò lára àwọn tí O fẹ́ kí á gbà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.